Ìtàn, ìlẹ̀kẹ̀ àti Akáúńtì: èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, Akáúńtì ni mò ń kà. Mo máa ń kọ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá, mo sì ń fi apá kan ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé mi lórí WhatsApp ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo ń sín ìlẹ̀kẹ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí mo parí ọdún kìíní, CGPA mi (ìpíndọ́gba èsì mi, tí 5.00 jẹ́ òkè rẹ̀) jẹ́ 3.70 lórí yúníìtì 40. Ní sáà tó kọjá, 2.82 ni mo gbà lórí yúníìtì 22. Bàbá mi ní kí n jáwọ́ nínú ìtàn kíkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìlẹ̀kẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀? Àbí kí n kúkú yí ẹ̀ka mi padà sí Yorùbá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìforítì. Mo rí i pé ìwọ tó ń ka Akáúńtì kò ṣe ìṣirò tìrẹ dé òpin, nítorí náà jẹ́ ká jọ ṣe é. 3.70 lórí yúníìtì 40 jẹ́ pọ́ìntì 148. 2.82 lórí yúníìtì 22 jẹ́ pọ́ìntì 62. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210 lórí yúníìtì 62, ìyẹn 3.39. Second Class Upper, ìpele èsì tó tẹ̀ lé First Class, bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Bí sáà tó ń bọ̀ bá tún jẹ́ yúníìtì 22, yúníìtì rẹ yóò di 84, pọ́ìntì 294 lo sì nílò kí o tó padà sórí ìlà yẹn. Pọ́ìntì 84 ló kù nìyẹn. B (pọ́ìntì mẹ́rin fún yúníìtì kan) nínú yúníìtì 18 jẹ́ 72, C (pọ́ìntì mẹ́ta) nínú mẹ́rin tó kù jẹ́ 12. Ó pé géérégé, a ò sì tíì dárúkọ A kankan. Ọ̀nà tí o gbà kọ lẹ́tà rẹ fẹ́ jọ ti ẹni tí gbogbo nǹkan ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ wo iye tó sọnù gan-an.

Ká wá wo àkókò. Yúníìtì kan dúró fún wákàtí ẹ̀kọ́ 15 nínú sáà kan, sáà kan sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15, nítorí náà yúníìtì 22 jẹ́ wákàtí 22 nínú kíláàsì lọ́sẹ̀. Fi wákàtí ìwé kíkà kan ti wákàtí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó di 44. Sun wákàtí méje lóru, ó di 93. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Yọ 40 kúrò fún oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, omi pípọn, ìsìn, àti gbogbo ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ń dúró dè kó tó dé Permanent Site. Ó ṣì ku wákàtí 35. Apá ìtàn kan lọ́sẹ̀ kò lè jẹ wákàtí 35. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn méjì mẹ́ta kò lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ibo ló wá ń gbà lọ?

Mi ò mọ̀ ọ́ rí, àmọ́ mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tún iṣẹ́ wọn ṣe, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bí Ọjọ́rú rẹ ṣe ń rí. Láti àárọ̀ ni ọkàn rẹ ti ń sọ fún ọ pé ìtàn ọ̀la kò tíì sí nílẹ̀. O jókòó sí kíláàsì, àmọ́ ọmọbìnrin inú ìtàn ni ò ń rò. Aago mọ́kànlá alẹ́ lo tó bẹ̀rẹ̀, o parí nígbà tí àkùkọ fẹ́ kọ, o sì fi ránṣẹ́ láìtún un kà. Ní Ọjọ́bọ̀, o lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ, o buwọ́ lu ìwé ìwọlé, o sùn. Láti ọ̀sán ni àwọn òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń bínú pé o pa bàbá àgbà, ẹni tó ń béèrè bóyá ìtàn náà ṣẹlẹ̀ sí ọ. O ń dá wọn lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Ọjọ́ Ẹtì, o ń wo ẹni tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Wákàtí tí o fi kọ ìtàn gan-an nínú gbogbo èyí lè máà ju mẹ́rin lọ. Ìyókù jẹ́ ti Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nìyí: ìfẹ́ tí o ní sí ìtàn kò bá ìwé rẹ jà. Àdéhùn tí o bá àwọn èèyàn ṣe lórí ìtàn ló ń bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà tó di ohun tí oníbàárà ń pè ọ́ lé lórí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àkókò ìdánwò. Ìwé rẹ ní àdéhùn tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì, ó ní ọjọ́ ìdánwò, kò sì sí olùkọ́ tó máa sún un síwájú nítorí Ọjọ́bọ̀ rẹ. Àdéhùn tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀ nìkan lo lágbára láti yí padà, kò sì sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, dá ìtàn tó ń lọ lọ́wọ́ dúró níbi tó bá ti dára. Má pòórá o. Àwọn òǹkàwé máa ń dárí ji òǹkọ̀wé tó sọ fún wọn pé òun ń lọ, tó sì sọ ìgbà tí òun ń padà bọ̀, ju ẹni tó ń tọrọ àforíjì ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì lọ. Lẹ́yìn náà, má ṣe tún fi apá kìíní ìtàn kankan síta mọ́ láìjẹ́ pé apá tó gbẹ̀yìn ti wà nínú fóònù rẹ. Apá mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,200, jẹ́ ọ̀rọ̀ 9,600. Bí o bá ń kọ 400 lójúmọ́ nígbà ìsinmi, ọjọ́ 24 ti tó. Ọ̀pọ̀ ìsinmi sáà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyẹn. Tí ẹ bá wọlé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì, yóò parí ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìwé nìkan ni yóò sì kù níwájú rẹ títí ìdánwò fi parí. Lójú àwọn òǹkàwé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ni. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí tipẹ́. Má sì dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Dá àkókò kan sí lọ́sẹ̀, bíi Ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn tí o bá fọṣọ tán, kí o dá gbogbo wọn lóhùn pa pọ̀.

Èrè mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò kan CGPA rárá: ìtàn náà yóò dára sí i. Ohun tó mú gààrì Ìjẹ̀bú kan tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin náà pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ìtàn tó sùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú fóònù kí o tó tún un kà náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. O máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, o máa rí i pé ọmọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Bísí ní apá kejì ti di Bọ́lá ní apá karùn-ún. Ìgbà yẹn náà ni kí o fi àmì ohùn sí i. Má ṣe dá ara rẹ dúró nítorí àmì nígbà tí ìtàn ń ṣàn. Kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀, kí o wá fi bọ́tìnnì Yorùbá orí fóònù rẹ ṣe àmì rẹ̀ nígbà àtúnkà. Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google, ní ti Yorùbá. Àmọ́ má fi síta láìsí àmì. Ìwọ tó fẹ́ kọ Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé máa méfò bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ.

Kí lo máa wá máa kọ láàárín sáà? Jotter. Ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe fóònù, torí fóònù ni Ọjọ́bọ̀ ń gbà wọlé. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ tó, ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnikẹ́ni bí kò ṣe tìrẹ. Bí o bá wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde tí èrò kan fẹ́ sọ̀ ní Òrù, tí òun àti awakọ̀ sì ń fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, kọ bí wọ́n ṣe bú ara wọn sílẹ̀ kó tó sá kúrò létí rẹ. Kọ ohun tí ìyá tó ń ta ọ̀jọ̀jọ̀ sọ nípa àna rẹ̀. Èyí kì í jẹ àkókò, ó sì jẹ́ òògùn fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun máa gbàgbé ìtàn kíkọ bí òun bá dákẹ́.

Ibi tí inú mi ti dùn jù sí lẹ́tà rẹ ni Akáúńtì tí ìwọ fúnra rẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ nípa ọ̀tá. Ìwọ ń ronú pé Akáúńtì wà níbì kan, ìtàn wà níbòmíràn. Ó dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ìtàn Yorùbá tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ sí mi, owó kàn máa ń wà ni, tàbí kó má sí. Ẹnì kan lówó, ẹnì kan tálákà, kò sẹ́ni tó lè sọ bí owó náà ṣe wọlé, bó ṣe jáde. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú la sì wà yìí, ilẹ̀ èésú, ilẹ̀ òwò, ibi tí orúkọ owó àti orúkọ wa ti di nǹkan kan náà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn! Fojú inú wo akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òkè-Ajé, obìnrin tí gbogbo ọjà fọkàn tán. Ìwé rẹ̀ bára mu lọ́dọọdún. Ọmọ ilé ìwé kan wá gba iṣẹ́ ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó bára mu jù: owó tó wọlé ní oṣù kan tí ọjà jóná kò dín kù ní kọ́bọ̀. Ta ló ń dí àlàfo náà? Kí ló dé? Ó lè jẹ́ pé ó ń jí owó, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fi owó ara rẹ̀ bo àṣírí ẹni tó jí i. Èmi kò lè kọ ìtàn yẹn dáadáa, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìwé báǹkì àti ìwé owó ẹgbẹ́ ṣe ìfiwéra. Ìwọ ń kọ́ ọ ní kíláàsì, ẹ ó sì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Ka kọ́ọ̀sì yẹn pẹ̀lú jotter lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá oorun aago mẹ́jọ yóò tún wá.

O béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé èèyàn kò lè ṣe é pọ̀. Ká má lọ jìnnà, jẹ́ ká wo àwọn ará ilé. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́pàá ni nígbà tó ṣe eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944, ní Glover Hall ní Èkó. Ìjọ Olúwa Aládùúrà ló sì ní kó ṣe é, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀. Kí eré tó di iṣẹ́ rẹ̀, ó ti rí i pé àwọn èèyàn wá wò ó, owó oṣù ọlọ́pàá sì ṣì ń wọlé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láti kọ́ òfin. Nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọjọ́ iwájú Nàìjíríà. Ó di agbẹjọ́rò ní 1946. Ìwé náà jáde ní 1947. Wo bí ọdún wọ̀nyẹn ṣe tò: ó kọ ọ́ nígbà tó ń kàwé, ó sì jáde lẹ́yìn tó ti yege. Ohun tí mo ní kí o ṣe pẹ̀lú apá mẹ́jọ rẹ kò yàtọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àwọn ọ̀dọ́ títí ó fi máa pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ àti ìdíje kì í gba ìtàn tó ti jáde níbòmíràn, púpọ̀ nínú wọn sì ka ohun tí o fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé sí ohun tó ti jáde. Nítorí náà, nínú ìtàn márùn-ún tí o bá kọ, mú èyí tó dára jù pa mọ́. Má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp, má fi sórí Facebook, má ka ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ sínú fídíò. Ìyẹn ni o máa fi dánwò lọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn àti ìdíje. Ka ìlànà wọn tán kí o tó fi ránṣẹ́. Ní ti àwọn tí o ti fi síta, má bẹ̀rù pé o ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ nù. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti 2022, iṣẹ́ di tìrẹ gbàrà tí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà má sí ìforúkọsílẹ̀ kankan, ó sì jẹ́ tìrẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ. Kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, torí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ kó tó bọ́ sómi.

Mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú 2.82 yẹn, bàbá kò sì bá ọ sọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá lóòótọ́: ohun tó ń mówó wọlé kì í jẹ́ eré lójú wọn. Àmọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ń wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ síwájú ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ojúde Ọba ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, yóò sì máa wọ inú oṣù karùn-ún lọ, kó tó kan oṣù kẹrin. Tí o bá ń fi ọdún tó kọjá ṣe òṣùwọ̀n, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yóò máa béèrè ìlẹ̀kẹ̀ ọgbọ̀n èèyàn lọ́wọ́ rẹ, aláwọ̀ kan náà, ní ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ jókòó fún ìdánwò. Wo ọjọ́ Iléyá àti kàlẹ́ńdà ilé ìwé pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Dá ọjọ́ tí o máa pa ìwé iṣẹ́ dé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò. Ẹni tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀, fi ẹlòmíràn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ hàn án. Gba àsansílẹ̀ tó máa ra gbogbo ohun èlò, kí o má baà máa fi owó oúnjẹ rẹ ra okùn. Bí ẹnì kan nínú yàrá rẹ bá lè sín in, san owó ọrùn kọ̀ọ̀kan fún un, kí ìwọ máa parí rẹ̀. Òwò nìyẹn ti dà, má tún máa pè é ní ìgbafẹ́. O nílò ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Eré ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ èyí, bí o bá kọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí ìwọ náà kọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n máa sọ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni ọ́. Ṣe ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé omi wọlé, kí o máa rẹ́rìn-ín.

Má bá bàbá jiyàn lórí iyì ìtàn. Ohun tí wọ́n ń rí ni ọmọ tó ń tẹ fóònù láàárín òru, wọn ò mọ̀ pé ìtàn ni. Ṣí ìwé, fi 210 àti 84 hàn wọ́n, fi ọjọ́ tí ìtàn yóò dáwọ́ dúró hàn wọ́n, kí o sì ní kí wọ́n dúró de èsì sáà kan. Tí o bá wà nílé nígbà ìsinmi, kọ 400 ọ̀rọ̀ rẹ sínú ìwé pẹ̀lú bírò ní pálọ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí ọ. O máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù lẹ́yìn náà, ìyẹn náà sì jẹ́ àtúnkà kan.

Ní ti yíyí ẹ̀ka padà, má tíì ṣe é. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ alohùn àti lámèyítọ́ ní ẹ̀ka Yorùbá, iṣẹ́ gidi ni, wọn kò sì dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń sá fún ìṣirò. Bí ó bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn tí èsì sáà tó ń bọ̀ bá jáde, mú èsì WAEC rẹ lọ́wọ́, lọ bá olùdámọ̀ràn ìpele rẹ, béèrè bóyá ó bá ohun tí ẹ̀ka náà ń fẹ́ mu, iye kọ́ọ̀sì ọdún kìíní tí o máa padà lọ ṣe, àti bóyá ó máa fi ọdún kan kún un. Mọ ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kí o tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, torí owó ilé ìwé ọdún náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.